Cloud kan, méjì, àbí mẹ́ta? Ìfiwéra fún ilé iṣẹ́ tó fẹ́ pín sáfà rẹ̀

Gbàrà tí AWS, cloud ti Amazon níbi tí ilé iṣẹ́ ti ń yá sáfà (kọ̀ǹpútà tó ń gbé áàpù àti dátà) lò, bá ti ṣubú lọ́jọ́ kan báyìí, ìbéèrè kan wà tí ò ní ṣàì jáde ní mítìn ọjọ́ kejì: "ṣé kò yẹ ká wà lórí cloud méjì báyìí?" Gbogbo ènìyàn á máa mi orí, ẹnì kan á ti máa ya àwòrán sórí pátákó, kí ilẹ̀ tó ṣú wọ́n ti ní Kubernetes, irinṣẹ́ tó ń darí áàpù lórí sáfà púpọ̀, ló kàn. Ẹ ṣe sùúrù ná. Mo fẹ́ fi àwọn ọ̀nà tó wà nílẹ̀ síra wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́, ká wo iye tí ọ̀kọ̀ọ̀kan máa ná yín, ewu tó lè gbà yín lọ́wọ́ rẹ̀, àti irú ilé iṣẹ́ tó bá mu. Èrò tèmi rèé kí n má fi pamọ́: ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ wa ò nílò multi-cloud gidi (lílo cloud tó ju ọ̀kan lọ), bákọ́ọ̀pù, ìyẹn ẹ̀dà dátà, tó wà lọ́wọ́ ẹlòmíì, lórí àkáǹtì mìíràn àti káàdì mìíràn, ni wọ́n nílò kí wọ́n tó máa sọ̀rọ̀ nǹkan míì.

Ká lè rí nǹkan tọ́ka sí, ẹ jẹ́ ká fi ilé iṣẹ́ kan ṣe àpẹẹrẹ, kò sí níbì kankan o, èmi ni mo rò ó lọ́kàn mi. Wọ́n wà ní Yábàá, áàpù àjọ ni wọ́n ń ṣe, àwọn ènìyàn ń dá owó lójoojúmọ́, olórí àjọ ń wo àkọsílẹ̀ lórí fóònù, ẹni tó bá kàn láti kó á kó. Ẹnjiníà mẹ́ta ni wọ́n ní, dátà wọn á tó terabyte méjì, kọ́sítọ́mà wọn wà ní Èkó, Ìbàdàn àti Abẹ́òkúta. AWS ni wọ́n wà láti ìbẹ̀rẹ̀.

Kí ló ń ṣubú gan-an?

Ẹni tó fẹ́ ra ààbò gbọ́dọ̀ mọ nǹkan tó ń sá fún. Oríṣi ìṣubú mẹ́rin ló wà lójú tèmi, oògùn ọ̀kan ò sì wo èkejì sàn.

Èkíní, ilé ló jóná. March 10, 2021, iná sọ ní ọgbà sáfà OVH ní Strasbourg nílẹ̀ Faransé, ilé tí wọ́n ń pè ní SBG2 jóná ráúráú. Àwọn kan wà tí bákọ́ọ̀pù wọn wà nínú ọgbà yẹn náà, ohun tí wọ́n ní àwọn fi pamọ́ bá èyí tí wọ́n ń lò lọ. Fún irú èyí ẹ ò nílò cloud kejì rárá, region kejì (àgbègbè mìíràn tí sáfà wọn wà) lọ́dọ̀ oníṣòwò kan náà, ìyẹn ẹni tó ni cloud, ti tó.

Èkejì ni kí ìyípadà kékeré kan nínú config (ètò tó ń sọ bí ẹ̀rọ ṣe máa ṣiṣẹ́) kó ran gbogbo ayé. Ojú rí nǹkan lọ́dún 2025. June 12, Google Cloud: ẹ̀rọ tó máa ń yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ìbéèrè kan ní àṣẹ láti kọjá, Service Control lorúkọ ẹ̀, gba policy (ìlànà àṣẹ) kan tí àwọn àyè inú rẹ̀ ṣófo, kóòdù ò mọ bó ṣe máa kà á, ló bá ń kú tó ń dìde tó tún ń kú, láàrin ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ policy yẹn ti dé gbogbo region wọn lágbàáyé. October 20, AWS: àkọsílẹ̀ DNS (ìwé àdírẹ́sì íntánẹ́ẹ̀tì) ti DynamoDB, dátábéèsì wọn, ní Northern Virginia sọnù, Snapchat, Signal àtàwọn míì lọ bẹ́ẹ̀. Kò pé ọjọ́ mẹ́wàá, October 29, ó kan Azure ti Microsoft, config Front Door, ẹnu ọ̀nà tí ìbéèrè ń gbà wọlé, ni tiwọn. Nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ẹyọ sáfà kan ò jóná o. Ẹni tó wà ní region méjì lórí Google lọ́jọ́ June yẹn, region méjèèjì ló kàn án. Ibí ni cloud kejì ti wúlò lóòótọ́, mi ò ní jiyàn ìyẹn.

Ẹ̀kẹta ló ń bà mí lẹ́rù jù: kí àkáǹtì yín fúnra rẹ̀ pòórá. May 2024, UniSuper, ilé owó ìfẹ̀yìntì ńlá kan ní Ọsirélíà tí ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ lé ní 600,000, wò títí wọn ò rí private cloud wọn (àyè tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún wọn nìkan) lórí Google Cloud mọ́. Wọn ò jẹ gbèsè, wọn ò rú òfin kankan. Nígbà tí Google ń bá wọn ṣètò ẹ̀ ní ọdún kan ṣáájú, àyè kan wà tí wọn ò kọ nǹkan sí, irinṣẹ́ yẹn gbà pé ọdún kan péré ni wọ́n fẹ́ lò, ọdún pé, ó pa á rẹ́. Ibi méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n kó ẹ̀dà sí, abẹ́ ètò kan náà ni méjèèjì wà, méjèèjì ló bá a lọ. Lára ohun tó kó wọn yọ ni bákọ́ọ̀pù tí wọ́n ní lọ́dọ̀ oníṣòwò mìíràn, síbẹ̀ náà ó tó bí ọ̀sẹ̀ kan kí àwọn ènìyàn tó rí àkáǹtì wọn wò. Níbí lọ́dọ̀ wa, ohun tó lè fa irú ẹ̀ kéré jù bẹ́ẹ̀ lọ, káàdì ni. Ní ìparí 2022 tí àwọn báǹkì ń dá káàdì náírà dúró lórí ọjà òkè òkun, ẹni tí owó cloud rẹ̀ so mọ́ káàdì bẹ́ẹ̀, ímeèlì gbèsè ló kọ́kọ́ máa rí, tí ò bá tètè wá nǹkan ṣe sí i wọ́n á ti sáfà pa.

Ẹ̀kẹrin, wáyà abẹ́ òkun. March 14, 2024, WACS, MainOne, ACE àti SAT-3 bàjẹ́ papọ̀ nítòsí Abidjan, áàpù báǹkì bẹ̀rẹ̀ sí í kọṣẹ́ káàkiri. Equiano tí Google fà dé Èkó ní 2022 kò fara gbá, òun ló gbé púpọ̀ nínú ẹrù tó kù. Ẹ wá wò ó: ẹni tó ní AWS ní Cape Town, tó tún ní Azure ní Johannesburg, tí àwọn kọ́sítọ́mà rẹ̀ sì wà ní Ìbàdàn, cloud méjì ló ń sanwó fún lóòótọ́, ṣùgbọ́n ojú òkun kan náà ni méjèèjì ń gbà dé ọ̀dọ̀ Ìyá Sikirá tó fẹ́ dá àjọ. Bó bá jẹ́ pé èyí lẹ̀rù yín, sáfà tó wà nínú Èkó gangan ni ìdáhùn ẹ̀, cloud òkè òkun kẹta ò lè ṣe nǹkan kan sí i.

Ọ̀nà márùn-ún, a wá fi wọ́n wéra

Ọ̀nà kìíní: cloud kan, zone púpọ̀. Ẹ wà lọ́dọ̀ oníṣòwò kan, ẹ tan sáfà yín ká ilé méjì mẹ́ta nínú region kan. Dátábéèsì tí ẹ fà lé wọn lọ́wọ́ máa ń ní bọ́tìnnì fún un, ẹ kàn máa sanwó ẹ̀dà kejì ni. Ó gbà yín lọ́wọ́ iná àti ẹ̀rọ tó kú. Kò gbà yín lọ́wọ́ àkáǹtì tó lọ, kò sì gbà yín lọ́wọ́ irú June 12 yẹn. Ọ̀pọ̀ tó ń pariwo multi-cloud ò tíì ṣe èyí o, dátábéèsì wọn wà lórí ẹyọ sáfà kan tí ẹnì kan gbé kalẹ̀ kó tó jápa, ẹ má jẹ́ kí n sọ jù.

Ọ̀nà kejì: cloud kan, bákọ́ọ̀pù lọ́dọ̀ ẹlòmíì. Iṣẹ́ gbogbo ṣì wà níbi kan, àmọ́ lálẹ́ tàbí ní wákàtí wákàtí ẹ̀dà dátábéèsì àti fáìlì ń lọ sí ilé oníṣòwò mìíràn. Ẹ fi wé ti àkọ́kọ́: ti àkọ́kọ́ ń jẹ́ kí ilé ìtajà máa ṣí lọ, èyí ò ní jẹ́ kó ṣí lọ, ó kàn ń rí i dájú pé bó ti wù kó burú tó, ìwé àjọ ò ní sọnù ni. Owó ẹ̀ kéré, mo máa ṣírò ẹ̀ nísàlẹ̀. Ohun kan péré ló ń bà á jẹ́: kí àwọn kọ́kọ́rọ́ tí wọ́n fi ń kọ bákọ́ọ̀pù tún lágbára láti pa á rẹ́. Ẹni tó bá jí kọ́kọ́rọ́ AWS yín á kàn gba ibẹ̀ wọ cloud kejì, á sì gbá méjèèjì dànù. Kọ́kọ́rọ́ yẹn gbọ́dọ̀ lè kọ nǹkan tuntun nìkan, kó má lè parẹ́, ẹ sì ti ojú ẹ̀ pa fún iye ọjọ́ kan tí ẹnikẹ́ni ò ti ní lè fọwọ́ kàn án, object lock ni wọ́n ń pè é.

Ọ̀nà kẹta: iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan níbi tó ti dáa jù. Áàpù lórí AWS, ìròyìn àti ìṣirò lórí BigQuery ti Google, ímeèlì àti fáìlì ọ́fíìsì lórí Microsoft. Tí a bá ní ká sọ òótọ́, multi-cloud tí ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ní nìyí, wọn ò sì jókòó gbèrò ẹ̀, ó kàn dé bá wọn ni. Kírẹ́díìtì ọ̀fẹ́ náà máa ń dá a sílẹ̀: AWS Activate fún wọn ní tiẹ̀, ó tán, wọ́n sáré lọ gba ti Google, wọ́n gbé ìdajì iṣẹ́ lọ síbẹ̀, ìdajì ò lè lọ mọ́. Kò burú ná, bí àwọn ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ò bá gbára lé ara wọn láti dá kọ́sítọ́mà lóhùn. Ibi tó ti ń di wàhálà ni kí ẹni tó fẹ́ dá ẹgbẹ̀rún kan náírà kọ́kọ́ kọjá lára AWS kó tún kọjá lára Google kí owó tó wọlé. Ẹ jẹ́ ká ṣírò: tí ọ̀kọ̀ọ̀kan bá ń ṣiṣẹ́ dé 99.9%, ìyẹn bí ìṣẹ́jú 43 tó lè fi kú lóṣù. Tó bá jẹ́ dandan kí ìbéèrè gba ọ̀dọ̀ méjèèjì, ó di bí ìṣẹ́jú 86. Wọ́n ra cloud kejì, ìgbà tí iṣẹ́ ń dúró wá di ìlọ́po méjì. Mo ti rí àwòrán báyìí tí wọ́n fi ń ṣe yàngàn lórí slide.

Ọ̀nà kẹrin: ọ̀kan ń ṣiṣẹ́, èkejì ń dúró. Gbogbo iṣẹ́ wà lórí AWS, ẹ̀dà kékeré kan tó jí wà lórí Azure, dátábéèsì ń ṣàn lọ síbẹ̀ láti ìṣẹ́jú dé ìṣẹ́jú, tí AWS bá lọ ẹ yí DNS padà. Ó dà bí ilé tó ní NEPA àti jẹn: jẹn wà, epo wà nínú ẹ̀, ṣùgbọ́n tí changeover bá ti dípẹtà torí pé ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kàn án látọdún kọjá, inú òkùnkùn lẹ máa wà. Iṣẹ́ ńlá tó wà nídìí ọ̀nà yìí ni changeover yẹn. Ta ló láṣẹ láti sọ pé "ó yá, ẹ yí i" láago méjì òru? Àwọn sọ́fítíwíà kékeré kan tẹ́ ẹ gbà lọ́dún tó kọjá, ṣé ẹnì kan gbé e sórí Azure pẹ̀lú? Àwọn pásíwọ́ọ̀dù ńkọ́? Tí DNS yín bá wà lórí Route 53 ti AWS, tí AWS ló sì ń kú yẹn, ọwọ́ wo lẹ fẹ́ fi yí i? Ẹ gbé DNS sí ibòmíì tí ò bá cloud méjèèjì tan. Owó ẹ̀ náà ò kéré, ẹ̀ka kejì tí ò ṣe nǹkan kan ń jẹ owó tọ̀sán tòru, ẹnjiníà sì gbọ́dọ̀ mọ ojú cloud méjèèjì. Ilé tí wákàtí kan tí iṣẹ́ fi dúró lè ná an ju bíìlì oṣù lọ ló yẹ, báǹkì, ilé tó ń ṣe sísan owó, ilé ìwòsàn ńlá.

Ọ̀nà karùn-ún: méjèèjì ń ṣiṣẹ́ papọ̀. Kọ́sítọ́mà kan bọ́ sí AWS, èkejì bọ́ sí Google, kò sí ẹni tó mọ̀. Ó wuni lójú àwòrán. Fún fọ́tò àti ojú ìwé tí ènìyàn kàn ń kà ó lè rọrùn. Fún owó, hùn-ún. Ẹ fojú inú wò ó pé ẹgbàárùn-ún náírà ló kù nínú àpò àjọ kan, ẹnì kan ní kí wọ́n san án jáde lórí AWS, ní ìṣẹ́jú àáyá yẹn náà ẹlòmíì ní kí wọ́n san án jáde lórí Google, méjèèjì wo àkọsílẹ̀ tiwọn, méjèèjì rí ẹgbàárùn-ún. Kí irú ẹ̀ má ṣẹlẹ̀ dátábéèsì méjèèjì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ ara wọn lórí gbogbo ìdáwó, ìbéèrè yẹn ń gba íntánẹ́ẹ̀tì lọ ó ń gbà á bọ̀, nǹkan bẹ̀rẹ̀ sí í fà. Dátábéèsì tó mọ irú eré bẹ́ẹ̀ wà, CockroachDB àti YugabyteDB wà lára wọn, wọ́n fẹ́ ẹni tó mọ̀ wọ́n dunjú. Ẹnjiníà mẹ́ta ti Yábàá ò gbọ́dọ̀ sún mọ́ ọn.

Ta ni ká mú ṣe èkejì?

AWS ló ti pẹ́ jù, 2006 ni S3 (ibi ìkó-fáìlì-sí rẹ̀) àti EC2 (sáfà tó ń yáni) jáde, ẹnjiníà tó mọ̀ ọ́n ló sì rọrùn láti rí gbà síṣẹ́ nílùú Èkó. Region rẹ̀ ní Áfíríkà wà ní Cape Town láti 2020, ó sì ní Local Zone kékeré kan ní Èkó, ṣùgbọ́n Local Zone yẹn kì í ṣe region o, ìwọ̀nba nǹkan ló wà nínú ẹ̀, Cape Town ni òbí ẹ̀. Azure ló kọ́kọ́ dé Gúúsù Áfíríkà nínú àwọn mẹ́ta ńlá yìí, 2019, ní Johannesburg. Tí ọ́fíìsì yín bá ti ń lo Microsoft 365, tí SQL Server, dátábéèsì Microsoft, sì wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, láìsẹnsì tẹ́ ẹ ti ní lè dín owó kù lórí Azure. Google dé Johannesburg ní January 2024. BigQuery ló ń mú mi lọ sọ́dọ̀ Google, ká má purọ́, ìṣirò tí yóò jẹ́ kí Postgres (dátábéèsì ọ̀fẹ́ kan) máa mí gúlegúle, á ṣe é kẹ́ ẹ tó mu omi tán, terabyte àkọ́kọ́ tẹ́ ẹ bá fi béèrè lóṣù sì jẹ́ ọ̀fẹ́.

Oracle ni àwọn ènìyàn ń fojú kéré. Òun náà wà ní Johannesburg láti 2022, ohun tó sì yàtọ̀ lọ́dọ̀ ẹ̀ ni pé dátà tó tó terabyte mẹ́wàá lẹ lè kó jáde lóṣù láì san kọ́bọ̀, AWS ò fún yín ju gigabyte 100 lọ. Fún bákọ́ọ̀pù tẹ́ ẹ lè nílò láti kó padà kíá, ìyẹn kì í ṣe nǹkan kékeré. Cloudflare R2 náà ò gba owó ìjáde rárá, ó ń sọ èdè S3, nítorí náà sọ́fítíwíà tẹ́ ẹ ń lò tẹ́lẹ̀ á bá a ṣiṣẹ́, ó kàn jẹ́ pé ibi ìkó-fáìlì-sí ni, ẹ ò lè gbé dátábéèsì dìde lórí ẹ̀.

Àwọn tilé ńkọ́? MTN ṣí ilé dátà Dabengwa ní Èkó ní 2025 pẹ̀lú cloud tó ń gba náírà, Nobus àti Layer3 ti wà níbẹ̀ ṣáájú ìyẹn. Tí ẹ bá fi wọ́n wé àwọn àlejò: ẹrù tí wọ́n ní kò pọ̀ tó tiwọn, sáfà, disk, nẹ́tíwọ́ọ̀kì, bóyá Kubernetes, iṣẹ́ tó kù ẹ̀yin lẹ máa ṣe é fúnra yín. Àmọ́ bíìlì wọn ò ń wo ojú dọ́là, dátà yín ò sì kúrò nílẹ̀. Ìyẹn ṣe pàtàkì ju bí ẹ ṣe rò lọ, torí kí June 2023 tó dé, bíìlì $1,000 jẹ́ bí ₦470,000, ní 2024 ó ti tó mílíọ̀nù kan ààbọ̀, sáfà ò sì pọ̀ sí i ní ẹyọ kan. Mo mọ̀ pé àwọn kan á ní "ṣé sáfà Nàìjíríà máa dúró ni?", ìbéèrè tó dáa ni, ẹ béèrè SLA wọn (àdéhùn lórí iye ìgbà tí iṣẹ́ gbọ́dọ̀ fi wà), ẹ béèrè ilé tí wọ́n gbé e sí, ẹ fi iṣẹ́ tí ò ṣe pàtàkì dán wọn wò ná. Mi ò ní gbé gbogbo áàpù lọ síbẹ̀ lónìí, ṣùgbọ́n fún ìdúró kejì nígbà tí wáyà òkun bá já, àwọn ni mo máa kọ́kọ́ wò.

Owó tí ẹnikẹ́ni kì í kọ sórí slide

Kíkó dátà wọlé sí cloud, ọ̀fẹ́. Kíkó o jáde ni wọ́n ti ń múni. Lórí AWS ní Virginia, gigabyte kan tó jáde sí íntánẹ́ẹ̀tì jẹ́ sẹ́ńtì 9, ní Cape Town ó lé ní sẹ́ńtì 15. Kí ilé Yábàá yìí kó terabyte méjì rẹ̀ jáde lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo láti Virginia á jẹ bíi $170, láti Cape Town á sún mọ́ $300. Ẹ̀ẹ̀kan nìyẹn, ó ṣeé fara dà. Lẹ́yìn ìyẹn bákọ́ọ̀pù ń kó ohun tó yí padà nìkan lọ, ìyẹn kéré. Ibi ìpamọ́ terabyte méjì lórí R2 jẹ́ bíi $30 lóṣù, lórí S3 gbogboogbò ní Virginia bíi $46. Gbogbo ọ̀nà kejì nìyẹn o, owó tí ọ̀gá kan lè ná lórí dátà fóònù.

Ẹ wá fi wé ọ̀nà kẹta. Tí BigQuery bá ń fa 100GB láti AWS lójoojúmọ́ torí pé ẹnì kan kọ ọ́ pé kó máa kó gbogbo tábìlì dípò èyí tó yí padà, 3,000GB ni lóṣù, bíi $270 ní Virginia, ó lé ní $400 ní Cape Town, ká ní ₦1,500 ni dọ́là kan, ẹ̀yin náà ẹ ṣírò ẹ̀. Bíìlì yẹn ò ní sọ pé "multi-cloud" níbì kankan, "data transfer" ni wọ́n máa kọ, lábẹ́ pátápátá.

Wọ́n á sọ fún yín pé wọ́n ti fagi lé owó ìjáde. Òótọ́ ni, Google ní January 2024, AWS àti Microsoft ní March, àmọ́ ẹni tó ń kó ẹrù ẹ̀ kúrò pátápátá ni wọ́n ń sọ, kì í ṣe ẹni tó ń lọ tó ń bọ̀ lójoojúmọ́.

Owó kejì tí wọn kì í kọ ni ènìyàn. Ètò àṣẹ lórí AWS, lórí Azure àti lórí Google ò jọra rárá, ẹni tó mọ ọ̀kan dunjú lè ṣílẹ̀kùn gbayawu lórí èkejì láì mọ̀. Ní ilé tí ẹnjiníà ò ju mẹ́ta lọ, ẹnì kan péré ló máa ń mọ cloud kejì, ọjọ́ tí físà Kánádà bá sì wọlé fún un, cloud kejì di ilé àkúfọ́. Kí ẹ tó fọwọ́ sí ọ̀nà kẹrin, ẹ kọ orúkọ ènìyàn méjì tó lè gbé e dìde sílẹ̀. Tí ẹ ò bá rí méjì, ẹ padà sí ọ̀nà kejì.

Ṣebí Terraform àti Kubernetes á jẹ́ kó rọrùn?

Díẹ̀. Terraform, irinṣẹ́ tí a fi ń kọ ètò sáfà bíi kóòdù, tàbí OpenTofu tí àwọn kan yà sí lẹ́yìn tí HashiCorp tó ni Terraform yí láìsẹnsì padà ní 2023, ń jẹ́ kẹ́ ẹ fi irinṣẹ́ kan kọ gbogbo ẹ̀, àmọ́ kóòdù tẹ́ ẹ kọ fún sáfà AWS ò ní gbé sáfà Azure dìde, ẹ máa tún un kọ. Kubernetes á gbé container yín (àpótí tí áàpù wà nínú ẹ̀) rìn lóòótọ́, load balancer (èyí tó ń pín ìbéèrè fún sáfà), disk, àṣẹ àti nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò ní bá a rìn. Ohun tó wúwo jù, dátà ni. Ẹni tó lo Postgres lásán lè kó o lọ sí ibikíbi nínú wọn, ẹni tó kọ gbogbo áàpù ẹ̀ sórí DynamoDB ti AWS tàbí Spanner ti Google ti bá wọn ṣe ìgbéyàwó. Fún ilé iṣẹ́ kékeré, yíyan Postgres lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ṣe iṣẹ́ ju gbogbo ètò multi-cloud tí wọ́n lè rà lẹ́yìn ọdún mẹ́ta lọ.

Òfin, ní kúkúrú

Òfin ìdáàbòbò dátà Nàìjíríà ti 2023 ò ní kẹ́ ẹ má kó dátà lọ sókè òkun, ó ní kẹ́ ẹ ní ìdí tó mọ́gbọ́n dání àti ààbò tó tó. Cloud méjì túmọ̀ sí ìwé àdéhùn méjì, orílẹ̀-èdè méjì nígbà míì, àti pé tí ibi kan bá ti ń jò, wákàtí 72 lẹ ní láti sọ fún NDPC, àjọ tó ń ṣọ́ òfin dátà yìí, cloud wo ni ò kàn wọ́n. Tí kọ́sítọ́mà yín bá jẹ́ ìjọba, ọ̀rọ̀ ti yí padà, ìlànà NITDA, àjọ ìjọba tó ń rí sí ìmọ̀ ẹ̀rọ, ní kí dátà ìjọba wà nílẹ̀ yìí, ẹ tètè lọ bá àwọn tilé sọ̀rọ̀.

Kí ni ilé Yábàá á wá mú?

Kí wọ́n gbé dátábéèsì sórí zone méjì lórí AWS lọ́sẹ̀ yìí, ìyẹn ọ̀nà kìíní. Kí wọ́n ṣí àkáǹtì kan lórí Oracle tàbí R2, ímeèlì mìíràn, káàdì báǹkì mìíràn, kí bákọ́ọ̀pù máa lọ síbẹ̀ lálaalẹ́ pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ tí ò lè pa nǹkan rẹ́. Kí wọ́n gbé DNS kúrò lọ́wọ́ AWS. Ìròyìn lè máa wà lórí BigQuery, bí ẹnikẹ́ni tó fẹ́ dá owó ò bá ti ní láti dúró dè é. Ọ̀nà karùn-ún, kí wọ́n gbàgbé ẹ̀.

Lẹ́yìn náà, ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta, kí wọ́n mú ẹnjiníà tí kò kọ bákọ́ọ̀pù yẹn, kí wọ́n ní kó gbé áàpù àjọ dìde láti inú ẹ̀ lórí cloud mìíràn, láì béèrè nǹkan lọ́wọ́ ẹni tó kọ ọ́, kí wọ́n sì kọ iye wákàtí tó gbà sílẹ̀. Kí wọ́n gbé iye yẹn lọ bá ọ̀gá. Tó bá gba wákàtí mẹ́jọ tí ọ̀gá ní kò burú, òru kan ni, àwọn olórí àjọ á ní sùúrù, a jẹ́ pé wọ́n ti parí. Tí ọ̀gá bá ní wákàtí kan lòun lè fara dà, ìgbà yẹn gan-an ni kí wọ́n fún un ní bíìlì ọ̀nà kẹrin kó fọwọ́ sí i.